Fàdákà Damaris Kò Fẹ́ Oòrùn

Ẹnikẹ́ni tó bá sọ fún yín pé Damaris Ọlábọ̀dé ń fi oògùn yí fàdákà padà di wúrà nínú yàrá òkùnkùn, irọ́ ló pa. Inú ìjọ wọn ni irọ́ náà ti bẹ̀rẹ̀, ó rìn dé ọjà Terminus ní Jọ́ọ̀sì níhìn-ín, ó sì bá mi ní Kátakò níbi tí mo ti ń ta pákó. Ọkùnrin kan tó wá ra ìgèdú ló fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún mi. Mo ní kó gbé pákó rẹ̀ kó máa lọ. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a, ẹ jẹ́ kó jẹ́ èmi ni yóò sọ òtítọ́ náà.

Kamaldeen ni orúkọ mi. Ọmọ Ọ̀fà ni bàbá bàbá mi, ọkọ̀ ojú irin ló gbé e wá sí Jọ́ọ̀sì. Bàbá bàbá Damaris jẹ́ akọ̀wé ní iléeṣẹ́ tó ń wa tánganran ní Bùkúrù, ọmọ Iléṣà ni. Ilé kan náà ni àwọn méjèèjì kọ́kọ́ háyà. Ọ̀kan ń lọ mọ́sálásí, èkejì ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, ìyàwó wọn sì jọ ń lo ààrò kan. Nítorí náà, bí mo bá pe Damaris ní àbúrò mi, mi ò ṣe àṣejù.

Ó ti lé lẹ́ni ogójì ọdún. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, súwẹ́tà aláwọ̀ eérú kan kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀ láti ìgbà tí ọyẹ́ bá ti wọlé títí yóò fi kásẹ̀ nílẹ̀. Hausa yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu ju Yorùbá lọ. Bó bá ń ka nǹkan lọ́kàn, Hausa ló fi ń kà á. Bó bá fẹ́ bú ẹnì kan, Hausa náà ni. Kò lọ́kọ. Ẹnì kan wà nígbà kan, ó kọjá sí Kánádà, ìròyìn rẹ̀ sì kú sọ́hùn-ún. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kó kúrò ní Jọ́ọ̀sì lọ́kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn ìjà tó pín ìlú yìí sí méjì. Òun àti bàbá rẹ̀ nìkan ló kù nínú ilé wọn ní Jenta Adamu. Kí Kérésìmesì tó kọjá yìí tó dé, bàbá náà kú.

Ilé oníyàrá mẹ́fà, èèyàn kan ló ń gbé inú rẹ̀. Mo máa ń lọ wò ó lọ́sàn-án, ṣùgbọ́n ẹ mọ ìlú wa: ẹni tó ń jẹ́ irú orúkọ tí mò ń jẹ́ kì í jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú bá òun ní Jenta, bí ẹni tó ń jẹ́ Damaris kì í ti í jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú bá òun ní àdúgbò tèmi. Kò sí ẹni tó lé mi rí. A kàn mọ̀ bẹ́ẹ̀ ni. Nítorí náà, mo máa ń dìde nígbà tí oòrùn bá rẹlẹ̀, yóò sì sìn mí dé ẹnu géètì. Ó sọ fún mi pé òun máa ń tan rédíò bàbá òun sílẹ̀ kí òun tó jáde láàárọ̀, kí òun lè bá ohùn èèyàn nílé nígbà tí òun bá dé. Mo rẹ́rìn-ín pé bátìrì ni yóò jẹ ẹ́ run. Kí ni mo tún fẹ́ sọ?

Olùkọ́ ni ní ẹ̀ka kẹ́mísírì ní yunifásítì kan níhìn-ín. Iṣẹ́ oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀ ló ń lé bọ̀ láti ọdún gbọọrọ. Àwọn méjì tí wọ́n jọ ń lo yàrá ìṣẹ̀dánwò ti jápa, ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń darí rẹ̀ sì ti fẹ̀yìn tì, ó ti padà sí ìlú rẹ̀, orí íméèlì ni wọ́n ti ń pàdé. Òun nìkan ló kù pẹ̀lú àwọn ìgò.

Ó ṣàlàyé iṣẹ́ náà fún mi lọ́jọ́ kan lórí bẹ́ǹṣì mi ní Kátakò, ó ń fi ìṣó àti ègé pákó júwe. Gbogbo ohun tó ń hù àti ohun tó ń mí ló ní kábọ́ọ̀nù nínú, àní àwọn pákó mi náà. Kábọ́ọ̀nù a máa ní ọwọ́ mẹ́rin, a sì máa fi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin di nǹkan mú. Ṣùgbọ́n irú kan wà tí wọ́n ń pè ní kábíìnì, tó jẹ́ pé nǹkan méjì péré ló rí dì mú. Irú èyí kì í lè dá wà. Ohun tó bá kọ́kọ́ kàn án ni yóò gbá mú, ó sì lè gbá ohun tí kò yẹ mú kó fi ba ara rẹ̀ jẹ́. Damaris fẹ́ kó di wúrà mú. Láti fà á lé wúrà lọ́wọ́ tààrà, èèyàn nílò ẹ̀rọ ńlá kan tó ń lé afẹ́fẹ́ àti ọ̀rinrin jìnnà. Wọn kò ní in. Ìdí nìyẹn tó fi wá alárinà, fàdákà sì ni alárinà náà.

Iyọ̀ funfun kan wà tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe láàrin oṣù púpọ̀. Yóò rò ó pọ̀ mọ́ lẹ́búlẹ́bú fàdákà dúdú nínú ìgò. Dúdú náà yóò máa parẹ́ díẹ̀díẹ̀. Bó bá sẹ́ ẹ tán, omi tó mọ́ gaara ni yóò kù, kábíìnì àti fàdákà sì ti di ara wọn mú nínú rẹ̀. Ìgbà yẹn ni wúrà tó máa wọlé. Fàdákà yóò fa ìyàwó lé ọkọ lọ́wọ́, yóò gba klóráìdì lára wúrà gẹ́gẹ́ bí ẹ̀tọ́ alárinà, yóò sì lọ rọ̀ sí ìsàlẹ̀ ìgò bí ẹfun. Bí ẹ bá ti rí ẹfun náà, ìgbéyàwó ti yọrí.

Mo ní, "Damaris, o wá di ẹni tó ń so èèyàn pọ̀?"

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì wo ìta. Mo bínú sí ẹnu ara mi.

Alárinà yìí ní èèwọ̀ kan ṣá: kò fẹ́ ìmọ́lẹ̀. Bí oòrùn bá bá a ní ìhòòhò, yóò tú, yóò pọ́n bí tíì, yóò sì dúdú. Ìdí nìyẹn tí Damaris fi ń wé ìgò ní fọ́ìlì, irú èyí tí ẹ̀ ń fi wé ẹran síse, tó sì fi aṣọ dúdú bo fèrèsé yàrá iṣẹ́ rẹ̀. Kò sí awo níbẹ̀.

Ìmọ́lẹ̀ tí òun fúnra rẹ̀ ń wá, ìgbẹ̀yìn ló wà. Bí kábíìnì bá ti wà lọ́wọ́ wúrà, tí ó sì ti gbẹ di kóró wínníwínní, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì tí àwọn oníṣòwò fi ń yẹ owó wò bóyá ayédèrú ni sí i. Ó yẹ kí kóró náà fi ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀ dáhùn. Àwọn onímọ̀ káàkiri ayé ń wá irú rẹ̀ fún ojú fóònù àti gílóòbù. Ṣùgbọ́n Damaris sọ pé nínú irú èyí tí òun ń ṣe, wúrà kan ṣoṣo kì í tàn dáadáa. Bí méjì bá sún mọ́ra nínú kóró ni iná á tó yọ.

"Wọn ò di ara wọn mú o, Bọ̀dá Kamal," ó ní. "Wọ́n kàn sún mọ́ra ni."

Oníbàárà kan wọlé nígbà náà, a fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ níbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Táyọ̀ ń gbé Ìbàdàn, iṣẹ́ ilé kíkọ́ ló ń ṣe. Lẹ́yìn ìsìnkú bàbá wọn ló jókòó sí pálọ̀ Jenta, èmi náà wà níbẹ̀, ó ní òun ti rí ẹni tí yóò ra ilé náà. Kí Damaris di ẹrù rẹ̀ kó máa bọ̀ ní Ìbàdàn, yàrá wà fún un, iṣẹ́ olùkọ́ kò sì wọ́n níbẹ̀. Ìfẹ́ ló fi sọ ọ́, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn. Ó wá fi òwe tì í lẹ́yìn: "Àjò kì í dùn kí onílé má relé."

Damaris kọjú sí i. "Ilé wo, Bọ̀dá Táyọ̀? Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo dé Iléṣà láyé mi, òkú la gbé lọ lẹ́ẹ̀mejèèjì."

Ọ̀rọ̀ àwọn èèyàn wa wọ̀nyí máa ń bí mi nínú. Bí wọ́n bá ti kọjá Lọ́kọ́ja sí ìsàlẹ̀, gbogbo ibi tí wọ́n fi sẹ́yìn ti di àjò, ìbáà jẹ́ pé ibẹ̀ ni wọ́n sin ìwọ́ bàbá wọn sí. Táyọ̀ gan-an tí wọ́n bí sí Bùkúrù! Ọdún mélòó ló ti lò ní Ìbàdàn tó fi ń sọ̀rọ̀ bí ọmọ Mọ́kọ́lá? Mo fẹ́ sọ ọ́ lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n ojú òkú ṣì tutù nílé, mo gbé e mì.

Wọ́n fa ọ̀rọ̀ náà títí wọ́n fi dé ibi àdéhùn. Táyọ̀ yóò mú oníbàárà rẹ̀ wá lẹ́yìn Àjíǹde. Bí wúrà Damaris bá tàn kó tó dìgbà náà, yóò lè parí iṣẹ́ oyè rẹ̀, ipò rẹ̀ ní yunifásítì yóò fìdí múlẹ̀, kò sì sí ẹni tí yóò ta ilé mọ́ ọn lórí. Bí kò bá tàn, yóò kó lọ sí Ìbàdàn, kò sì ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́ lójú mi. Ìgò wúrà tó kù lọ́wọ́ Damaris nígbà náà kò tóbi ju èékánná àtàǹpàkò lọ, ìgbìyànjú kan péré ló lè gbé.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti Mama Rhoda. Òun ni olórí ẹgbẹ́ àwọn ìyá ní ìjọ wọn. Obìnrin rere ni, ẹ má jẹ́ kí ìbínú mi tàn yín jẹ. Òun ló pọn Damaris nígbà tí àìsàn dá ìyá rẹ̀ dúbúlẹ̀. Ìjọ wọn ní àṣà kan tí wọ́n bá lọ́wọ́ àwọn ìyá ìgbà iléeṣẹ́ tánganran: bí òkú bá ti pé ogójì ọjọ́, wọn á lọ bá ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ nílé, wọn á ṣí gbogbo fèrèsé sílẹ̀, wọn á gbálẹ̀, wọn á gbàdúrà lé e lórí, wọn á sì jókòó tì í títí yóò fi jẹun lójú wọn. Wọ́n ní ọ̀fọ̀ tí kò bá rí oòrùn a máa di àìsàn síni lára. Àṣà tó dára ni. Àwa Mùsùlùmí pàápàá máa ń yìn wọ́n fún un.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n dé Jenta tí wọ́n bá ilẹ̀kùn ní títì. Ẹnì kan wá tú ọ̀rọ̀ fún wọn pé Damaris wà ní yunifásítì láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, nínú yàrá kan tó fi aṣọ dúdú bo fèrèsé rẹ̀, kì í sì í bá èèyàn sọ̀rọ̀. Ẹ̀rù ba Mama Rhoda. Lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì kan, òun àti àwọn ìyá díẹ̀ kó sínú kẹ̀kẹ́ nápẹ̀ pẹ̀lú abọ́ mọ́ínmọ́ín, ike kùnú àti ìgbálẹ̀. Ẹ gbọ́ o, ìgbálẹ̀.

Damaris ṣẹ̀ṣẹ̀ sẹ́ omi fàdákà rẹ̀ tán ni. Ó mọ́ gaara. Ó ti wé e ní fọ́ìlì, ó gbé e sórí tábìlì lábẹ́ fèrèsé, ó fẹ́ lọ wọn wúrà. Bí wọ́n ṣe kan ilẹ̀kùn nìyẹn, Mama Rhoda ló ṣíwájú wọlé.

"Jésù mi! Damaris, nínú òkùnkùn biribiri yìí?"

"Mama, sannu da zuwa, ẹ káàbọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, don Allah, ẹ fara balẹ̀, iṣẹ́ ni mò ń..."

"Iṣẹ́ wo? Kò sí iṣẹ́ níbẹ̀. Ẹ ṣí fèrèsé yẹn!"

Wọ́n fa aṣọ dúdú náà ya lulẹ̀. Oòrùn wọlé bí àlejò tí kò kan ilẹ̀kùn. Damaris fẹ́ ké, ṣùgbọ́n ó rántí pé fọ́ìlì wà lára ìgò. Ta ni yóò sọ fún ìyá tó pọn ọ́ pé kó jáde? Mama Rhoda ní kó kúnlẹ̀, ó kúnlẹ̀. Ó ní kó dijú, ó dijú. Mama gbé ọwọ́ méjèèjì lé e lórí, àdúrà sì bẹ̀rẹ̀, irú àdúrà tó máa ń ti orí Ábúráhámù bẹ̀rẹ̀ kó tó kan ẹni tí wọ́n ń gbà á fún.

Ìyàwó kékeré kan wà láàrin wọn tó ń jẹ́ Monica. Òun ni wọ́n ní kó to oúnjẹ. Eṣinṣin ń bà lé mọ́ínmọ́ín, ọmọbìnrin náà sì ń wá ohun tí yóò fi bo abọ́. Ó wo tábìlì, ó rí fọ́ìlì tó mọ́ tónítóní lára ìgò kan tó kàn jókòó síbẹ̀. Ìyàwó ilé wo ni yóò rí irú fọ́ìlì bẹ́ẹ̀ tí kò ní mú un?

Nígbà tí Damaris dé ọ̀dọ̀ mi ní Kátakò lọ́jọ́ kejì, tó ròyìn dé ibẹ̀ yìí, mo bú sẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní òun gbọ́ ìró fọ́ìlì náà. Pẹ̀lú ojú òun ní dídì, pẹ̀lú ariwo àmín, òun gbọ́ ọ bó ṣe ń dún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, òun sì mọ ohun tó jẹ́ lójú ẹsẹ̀. Òun mọ ibi tí ìgò wà, òun mọ ibi tí oòrùn ń gbà wọlé. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni òun ìbá sọ.

"Kí ló wá dé tí o ò fi sọ ọ́?" Mo ti ń gbóhùn sókè. "Damaris, ṣé o ò lẹ́nu ni?"

Ó ń fi ìka tọ ojú pákó tó wà níwájú rẹ̀.

"Ọwọ́ Mama wà lórí mi, Bọ̀dá Kamal. Láti ọjọ́ tí a ti sin Bàbá, kò tíì sí ẹni tó fọwọ́ kàn mí. Mi ò fẹ́ kó gbé ọwọ́ náà kúrò."

Mo gbé ayùn sílẹ̀, mo tún gbé e. Èmi tí mo mọ̀ ọ́n láti kékeré, mi ò ronú kan irú nǹkan bẹ́ẹ̀ rí. Ẹ̀sìn tèmi ní ọ̀nà tó fi ń kí obìnrin tí kì í ṣe ìyàwó ẹni, ọwọ́ kì í kan ọwọ́. Ṣùgbọ́n àánú rẹ̀ ṣe mí.

Ìgbà tí wọ́n ṣe àmín ìkẹyìn, omi inú ìgò ti pọ́n. Bí wọ́n ti ń jẹun, ó ń dúdú lọ, Damaris sì jókòó sí àárín wọn, ó ń jẹ mọ́ínmọ́ín, ó ń wò ó. Wọ́n kọrin, wọ́n gbálẹ̀ dé abẹ́ tábìlì. Nígbà tí wọ́n ń lọ, Mama Rhoda di ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ mú, ó ní, "Wò ó bí ojú rẹ ṣe ń dán! Ṣé o rí i pé ìmọ́lẹ̀ lo nílò?" Damaris dúpẹ́. Ó ní, "Na gode, Mama." Ó sìn wọ́n dé ibi tí wọ́n ti wọ kẹ̀kẹ́. Mọ́ínmọ́ín tó ṣẹ́kù ni wọ́n fi fọ́ìlì náà wé fún un pé kó fi jẹun alẹ́.

Mo ní mo fẹ́ lọ bá Mama Rhoda lọ́jọ́ yẹn gan-an. Wallahi, mo ti wọ bàtà. Damaris ló fi ọ̀rọ̀ dá mi dúró. "Haba, Bọ̀dá Kamal. Àwọn nìkan ló wá." Mo bọ́ bàtà.

Orí bá a ṣe é pé wúrà kò tíì wọnú ìgò náà. Iyọ̀ funfun náà sì ṣẹ́kù sílẹ̀, ó dín díẹ̀ ní ìdajì. Mo fi pákó àfàrà kan àpótí fún un, mo fi ọ̀dà dúdú kun inú rẹ̀, mo lu ihò kékeré kan fún wáyà ẹ̀rọ tó ń ro ìgò, mo sì fi àgádágodo sí ẹnu rẹ̀. Mo ní kí ẹni tó bá tún fẹ́ fọ́ìlì kọ́kọ́ wá gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi. Ìyẹn pa á lẹ́rìn-ín dáadáa. Mo gbé e dé yunifásítì fúnra mi, lórí ọkọ̀ tí mo fi ń kó pákó.

Ọ̀sẹ̀ tó ṣíwájú Àjíǹde ló ṣe omi fàdákà náà lẹ́ẹ̀kejì. Ọmọ ilé-ìwé ti lọ ìsinmi, ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn dákẹ́ bí ibojì. Fàdákà jókòó jẹ́ẹ́ nínú òkùnkùn rẹ̀, kò bàjẹ́. Ó da wúrà sí i, gbogbo wúrà tó ní láyé. Nígbà tó ṣe díẹ̀, ẹfun bẹ̀rẹ̀ sí rọ̀ sí ìsàlẹ̀. Ó sẹ́ ẹ, ó rọra da omi mìíràn lé e kó lè máa di kóró díẹ̀díẹ̀, ó sì fi sílẹ̀. Ojoojúmọ́ ló ń lọ wò ó, ó ń padà wálé bá rédíò.

Ọ̀sán Sátidé tó ṣíwájú Àjíǹde ni kóró náà gbẹ. Aṣọ dúdú ti padà sójú fèrèsé. Ó kó kóró sórí gíláàsì kékeré kan, ó tan tọ́ọ̀ṣì owó sí i. Ó tàn. Ó ní àwọ̀ ewé ni, bí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ nígbà tí oòrùn bá wà lẹ́yìn rẹ̀, ó sì mọ́lẹ̀ débi pé òun rí ìka ara òun. Ó pariwo. Ó sáré ṣí ilẹ̀kùn, ó yọjú sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Kò sí ẹ̀dá kankan. Ó padà wọlé, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì gbé fóònù rẹ̀. Táyọ̀ ló pè, ti fídíò.

Èyí tó kù, ẹnu Táyọ̀ ni mo ti gbọ́ ọ. Ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn Àjíǹde ló yọ sí mi ní ṣọ́ọ̀bù. Òun nìkan ni, kò sí oníbàárà ilé kankan lẹ́yìn rẹ̀. Mo ti múra ìjà sílẹ̀ dè é, ṣùgbọ́n ó jókòó sórí ìtì pákó kan, ó fọwọ́ lérán.

"Ẹ̀gbọ́n, mi ò rí iná kankan," ó ní.

"Iná wo?"

"Iná wúrà yẹn. Ó pè mí, ó ń sọ pé, 'Bọ̀dá Táyọ̀, ẹ ń rí i? Ẹ ń rí i?' Kámẹ́rà fóònù kọjú sí òun fúnra rẹ̀, kò mọ̀. Òun ni mò ń wò. Mo ní, 'Mo ń rí i o, ó ń tàn dáadáa.' Kí ni ǹ bá sọ?"

Ó ní àwọ̀ ewé kan ràn mọ́ ìsàlẹ̀ àgbọ̀n Damaris lásán, ìyókù jẹ́ òkùnkùn. Ó rí ewú tó ti bo ẹ̀bátí rẹ̀, tí òun kò mọ̀ pé ó ti hù. Ó rí i tó ń rẹ́rìn-ín tí omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní òun ń retí pé kí ẹnì kan sọ̀rọ̀ lẹ́yìn Damaris, kí olùkọ́ bíi tirẹ̀ kan tàbí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá a pariwo. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Nígbà tí wọ́n gbé fóònù sílẹ̀, ó pe oníbàárà ilé náà, ó ní kó má ṣe yọ ara rẹ̀ lẹ́nu mọ́. Àdéhùn ni àdéhùn.

Mo ní, "O ṣeun, Táyọ̀. Ó borí rẹ, o sì gbà." Inú mi dùn, mi ò ní tijú sọ ọ́. Ilé Jenta kò ní di ti ẹlòmíràn.

Ó mi orí. Ó ní ohun tí òun náà rò nìyẹn, pé ìdí tó fi jẹ́ òun ló kọ́kọ́ pè ni kí òun lè mọ̀ pé ilé kò ṣeé tà mọ́. Lánàá, nígbà tí òun àti Damaris jọ ń jẹun, òun jẹ́wọ́ ọ̀rọ̀ kámẹ́rà fún un, òun sì fi ẹ̀rín sọ fún un pé ó kánjú jàre, ó fẹ́ fi ìṣẹ́gun rẹ̀ han ọ̀tá. Damaris gbé síbí sílẹ̀.

"Ó ní, 'Bọ̀dá Táyọ̀, mi ò rántí ilé rárá. Mo kàn ń wá ẹni tí mo lè pè ni. Mo ka orúkọ inú fóònù yẹn láti òkè dé ìsàlẹ̀, ẹ̀yin nìkan ni mo rí.'"

Táyọ̀ fi ọwọ́ nu ojú. Ó ní òun yóò lo ọ̀sẹ̀ kan sí i kí òun tó padà sí Ìbàdàn.

Orúkọ mi wà nínú fóònù náà. "Bọ̀dá Kamal Kátakò" ló kọ ọ́ sí, mo ti rí i níbẹ̀ rí. Lọ́sàn-án Sátidé yẹn, ọjà dá, mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, fóònù mi wà lórí itan mi, mò ń wo àwọn tó ń kọjá. Mi ò sọ ìyẹn fún Táyọ̀. Mo ní kó bá mi di orí pákó kan mú, a jọ gbé e wọlé. Ó dùn mí o. Títí di òní tí mò ń sọ ọ́ yìí, ó ń dùn mí.